Ẹni Tó Mọ Ohùn Beryl

Nínú omi ni Merrin Tregenza ti kọ́kọ́ rí i. Ọkùnrin gíga kan ló dúró sí àárín odò, omi mù ún dé orúnkún, ó ká ṣòkòtò sókè, ó fi okùn bàtà so bàtà rẹ̀ méjèèjì kọ́ ọrùn, ó sì ń fi igi gún ìsàlẹ̀ omi bí ẹni tó ń wá òrùka tó sọnù. Ní etí odò lọ́hùn-ún, jíìpù ológun kékeré kan dúró, ìràwọ̀ funfun wà níwájú rẹ̀.

Merrin tẹ bíréèkì. Beryl, ọkọ̀ akẹ́rù ológun tí wọ́n ṣe lọ́dún 1942, mí kanlẹ̀ bí akọ màlúù, ó dúró. Ọkọ̀ mọ́kànlá mìíràn tò sẹ́yìn rẹ̀ nínú eruku.

"Kí ló dé?" Clem bàbá rẹ̀ bèèrè láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ti di ọdún mẹ́ta tí ojú Clem ti fọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n kò tíì pa ìrìnàjò ẹgbẹ́ wa, ẹgbẹ́ àwọn tó ní ọkọ̀ ológun àtijọ́, jẹ rí.

"Ọkùnrin kan wà nínú odò, Dádì."

"Ó ń rì ni?"

"Rárá. Ó ń bá wa wo bí omi ṣe jìn tó."

"Ọlọ́gbọ́n ọmọ."

Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ gba apá òsì, mà! Apá ọ̀tún rọ̀, á gbé táyà mì."

"Ta lẹ ń pè ní mà?" Merrin yọ orí lójú fèrèsé. "Ẹ rí ewú lórí mi ni?"

"Ọkọ̀ yín ga ju orí yín lọ. Mi ò tíì rí yín dáadáa."

Nígbà tí ọkùnrin náà wá rí i dáadáa, ó gbàgbé láti yà lọ́nà. Beryl já wọ inú omi, omi sì fò sókè, ó bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Merrin dúró ní òdìkejì, ó na aṣọ ìnura sí i.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Kò burú. Mo ti ń ronú àtiwẹ̀ tẹ́lẹ̀." Ó nu ojú, ó rẹ́rìn-ín. "Leith lorúkọ mi. Ìgbà àkọ́kọ́ mi rèé nínú ẹgbẹ́."

Ọjọ́ Sátidé yẹn dùn kọjá sísọ. Òjò ti rọ̀ dáadáa lọ́dún náà, àlìkámà ń jó nínú afẹ́fẹ́ lápá ọ̀tún àti lápá òsì wa, òdòdó elésè àlùkò sì ti gba gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè Burra. A gun òkè, a sọ̀ kalẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń bú ramúramù, àwọn ẹyẹ ayékòótọ́ tí wọ́n ń pè ní gálà ń fò sókè lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Gbogbo ibi tí a ti dúró mu tíì, ẹ̀gbẹ́ Beryl ni jíìpù kékeré náà ń dúró sí. Leith sọ fún Merrin pé dùùrù ilé ìjọsìn lòun ń tún ṣe kiri àwọn ìlú kéékèèké. Merrin sọ fún un pé ẹ̀rọ ìrẹ́run àgùntàn lòun ń tún ṣe.

"Iṣẹ́ kan náà ni," Leith wí. "Tiyín ló kàn ń ké bẹ̀ẹ̀ẹ̀."

"Tiyín ló ń ké àmín."

Nígbà tí wọ́n fi mu ife tíì kẹta, Merrin ti mọ̀ pé ohun kan ti ṣẹlẹ̀ sí òun.

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, nínú ilé ìrẹ́run àgùntàn tí a fẹ́ sùn sí, alága wa, Ìyá Glenys, dìde láti kí àwọn àlejò káàbọ̀. "Ẹ bá mi kí Leith Kowald, láti Eudunda."

Ife bọ́ lọ́wọ́ Clem.

"Kowald wo?"

Leith dìde. "Ọmọ Erwin ni mí, sà."

"Merrin," Clem wí, "mú mi lọ sídìí ọkọ̀."

Àwa àgbà ẹgbẹ́ mọ ìtàn náà. Clem àti Erwin ló jọ rí Beryl nínú ọgbà àgùntàn kan, ó ti dógùn-ún, adìyẹ ń yé ẹyin sínú rẹ̀. Ọdún mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi jọ tún un ṣe. Bí eyín àti ahọ́n ni wọ́n rí. Lọ́jọ́ kan, Erwin ló ń wa ọkọ̀, ọkọ̀ yọ̀ lórí òkè, ó dojú dé, egungun ìbàdí Clem sì fọ́. Oṣù mẹ́rin ló lò ní ọsibítù. Erwin kò yọjú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nìyẹn.

"Ìbàdí kọ́ ló dùn mí," Clem sọ fún ọmọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. "Egungun a máa jinná. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni mò ń wo ẹnu ọ̀nà yàrá ọsibítù yẹn. Tó bá jẹ́ ọmọ rẹ̀ lo fẹ́ máa bá rìn, wá ẹlòmíràn tí á máa wa ọkọ̀ yìí."

Merrin bá Leith níbi tó ti ń di ẹrù sínú jíìpù.

"Mo fẹ́ máa lọ," Leith wí. "Mi ò fẹ́ kó sí àárín ẹ̀yin àti bàbá yín."

"Ta ló ní kó o lọ? Má sì fi 'ẹ̀yin' bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Kí ló dé tí bàbá rẹ ò lọ kí bàbá mi ní ọsibítù?"

Leith fi okùn ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ó lọ. Ọjọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan ló ń wa mọ́tò lọ sí ọsibítù yẹn. Á jókòó síta títí ìgbà ìbẹ̀wò á fi parí, á wá padà sílé. Màmá mi ló sọ fún mi. Bàbá mi fúnra rẹ̀ kò mẹ́nu bà á rí. Ṣùgbọ́n òun ló ní kí n wá síbí."

Merrin yíjú wo Beryl. "Kìlómítà mélòó ni Eudunda?"

"Nǹkan bí ọgọ́rin."

"Beryl á lọ, á sì padà dé kí oúnjẹ ọ̀sán ọ̀la tó délẹ̀."

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ báyìí, ó bẹ Ìyá Glenys pé kó gbé bàbá òun sínú ọkọ̀ tirẹ̀, ó sì ṣáná sí Beryl. Leith fò wọlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Merrin tẹ ọkọ̀ náà débi tí gbogbo irin ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Àwọn méjèèjì ń pariwo kí wọ́n tó gbọ́ ara wọn, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tó sá kúrò nílé ìwé. Ṣùgbọ́n Merrin mọ̀ pé tí ọ̀rọ̀ yìí bá wọ́, bàbá òun kò ní dárí ji òun.

Erwin ṣílẹ̀kùn nínú aṣọ àwọ̀sùn.

"Ẹ wọ kóòtù yín, sà," Merrin wí. "Ọmọ Clem ni mí. Mo wá gbé yín."

"Kò lè fẹ́ rí mi."

"Kò lè rí ẹnikẹ́ni, sà. Ojú rẹ̀ ti fọ́."

Bàbá arúgbó náà fọwọ́ di férémù ilẹ̀kùn mú. Ó wo Beryl tó ń rú èéfín lójú pópó, ó sì wọlé lọ wá bàtà rẹ̀.

Orí òkè tó kẹ́yìn kí wọ́n tó dé ibi tí a ti ń jẹun ọ̀sán, nínú oko ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, ni Merrin ti dúró. Ó bọ́ sílẹ̀, ó sì fi ìjókòó awakọ̀ sílẹ̀ fún Erwin.

Clem jókòó sábẹ́ igi, kò jẹ, kò mu, ó ti ń ráhùn láti àárọ̀. Lójijì ó gbé orí sókè. Ẹ́ńjìnnì kan ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Jíà yí padà, ó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ó wọlé wẹ́rẹ́ láìké.

"Merrin kọ́ nìyẹn," ó wí. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tẹlẹ̀, ó dìde. "Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń sinmi báyẹn kó tó ti jíà kejì wọlé."

Ọkọ̀ dúró. Erwin sọ̀, ó dúró síwájú Clem.

"O pẹ́," Clem wí.

"Mo wá nígbà náà. Ẹnu ọ̀nà ni mo ń dé. Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́rìndínlógún."

"Kí ló wá dí ẹ lọ́wọ́?"

"Ojú ń tì mí, Clem."

"Òpònú," Clem wí jẹ́jẹ́. Ó na ọwọ́ síbi tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò sí, Erwin sì sún síbẹ̀ kíákíá, ó fi èjìká rẹ̀ pàdé ọwọ́ náà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Merrin kò yíjú. Ó ń sunkún, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ti Leith.

Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé ni jíìpù ń wá sí ilé Merrin àti Clem ní Burra, Leith níwájú, bàbá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó di oṣù keje, àárín ìgbà òtútù lọ́dọ̀ wa, òtútù mú débi pé páìpù omi dì. Àwọn bàbá méjèèjì ń gbọ́ bọ́ọ̀lù lórí rédíò ní pálọ̀. Merrin ń po ìyẹ̀fun páì ẹran nínú kíṣìnnì, Leith ń bó ànàmọ́ funfun.

"Merrin," ó wí, kò gbé orí sókè. "Mo fẹ́ kí á jọ gbé. Kí á jọ dàgbà. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Merrin dúró, ọwọ́ rẹ̀ rì sínú ìyẹ̀fun. Ní pálọ̀, ẹnì kan rọra yí ohùn rédíò sílẹ̀.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún, ẹ ò gbọ́ bọ́ọ̀lù yín ni?" Merrin bèèrè.

"Bọ́ọ̀lù ti sú wa," Clem dáhùn. "Dá ọmọ ọlọ́mọ lóhùn."

Merrin fi ọwọ́ oníyẹ̀fun méjèèjì gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ Leith mú, ó fi àmì funfun síbẹ̀.

"Mo gbà," ó wí, jẹ́jẹ́, kí Leith nìkan lè gbọ́.