Ìrọ̀rí Fádáre

Olúbísí kò tíì gbé orí lé ìrọ̀rí kejì rí, ọkọ rẹ̀ náà kò sì fọwọ́ kàn án. Síbẹ̀, nígbà tó wọ yàrá ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó bá a tó ti tẹ̀ wọnú láàárín, bí ìgbà tí orí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Ó lọ́wọ́ọ́wọ́. Ó gbé e símú, òórùn ọ̀dà dúdú, irú èyí tó máa ń sun láti inú ilẹ̀ ní Agbabu, ló gbọ́.

Lawrence ọkọ rẹ̀ jókòó sétí ibùsùn kan náà, ojú rẹ̀ pọ́n bí epo tuntun.

"Ṣé ẹ sùn, Bàbá Péjú?"

"Mo dùbúlẹ̀."

"Ohun tí mo bi yín kọ́ nìyẹn."

Ọkùnrin náà fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú.

Ọjọ́ kọkànlá rèé tí oorun ti kọ̀ ọ́. Ọkọ̀ agbégẹdú ni Lawrence ń wà láti igbó Odigbo lọ sí Èkó, òun àti Fádáre ará Agbabu, wọ́n jọ ń gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ara wọn ni. Ìgbà tí owó epo rọ̀bì gbòde ni, gbogbo ayé ló ń kọ́lé, gẹdú kò sì gbọdọ̀ dúró. Ìrìn-àjò tí wọ́n lọ gbẹ̀yìn, táyà bẹ́, ọkọ̀ ré sí kòtò. Lawrence jáde láìfarapa. Fádáre tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò jí mọ́.

Ọ̀gá wọn ti ní kí Lawrence gbé ọkọ̀ mìíràn ní ọjọ́ Ajé. Olúbísí bẹ̀ ẹ́ kó má lọ, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ní òun yóò lọ. Obìnrin náà mọ̀ pé ẹni tí kò sùn fún ọjọ́ mọ́kànlá, tó bá di ìtọ́kọ̀ mú lójú títì yẹn, òkú rẹ̀ ni wọn yóò gbé wálé.

Ìdí nìyí tó fi lọ sí Ore láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta náà, sí ṣọ́ọ̀bù Magdalene, ẹni tó ń ta ohun èlò yàrá níwájú ibùdókọ̀.

"Èwo nínú wọn ló ń mú ènìyàn sùn gan-an?"

"Gbogbo wọn ni, Ìyá Péjú. Èmi tí mò ń tà wọ́n gan-an, orí wọn ni mò ń sùn sí látàárọ̀. Àwọn oníbàárà ló ń jí mi."

Olúbísí rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi ojú kékeré wo ọjà. Ó tẹ fóòmù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìgbọ̀nwọ́, ó mú èyí tó le, nítorí ẹ̀yìn awakọ̀. Ó kọ aṣọ ibùsùn tó ń dán, èyí tó máa ń mú ara gbóná, ó mú ti òwú. Kọ́tìnì tó nípọn ló rà, torí ọ̀sán ni awakọ̀ ń sùn. Nígbà tó kan ìrọ̀rí òwú àràbà, ó ní ẹyọ kan tó òun.

"Méjìméjì ni wọ́n ń rìn," ni Magdalene wí. "Mi ò ní tú wọn ká."

Nísinsìnyí, ọ̀kan ti tẹ̀ wọnú.

"Bàbá Péjú, ta ló sùn síbí?"

Lawrence wo ìrọ̀rí náà pẹ́. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Lójú ọ̀nà, ẹnì kan á sùn, ẹnì kan á máa ṣọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣọ́ gbọ́dọ̀ sọ ibi tí yóò ṣọ́ dé, kí èkejì lè mọ ìgbà tí yóò gbà á. Mo sọ fún Fádáre pé kó máa sùn, pé n óò ṣọ́ títí a ó fi dé Ìjẹ̀bú-Òde." Ó nawọ́ sí ìrọ̀rí náà. "A kò dé ibẹ̀, Olúbísí. Ó ṣì ń sùn. Ta ni yóò gba ìṣọ́ lọ́wọ́ mi?"

Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni Olúbísí. Àìsùn àdúrà kì í ṣe àjèjì sí i. Tí ó bá rẹ ẹnì kan nínú wọn níbi ìṣọ́, ẹlòmíràn á dìde, á ní òun gbà á, ó parí. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ìgbà tí yóò tán, nítorí wòlíì ni yóò lu agogo. Bí wọ́n ti ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì gan-an ló ṣe sọ ọ́. Ó kúnlẹ̀ ti ibùsùn, ó kọjú sí ìrọ̀rí tó tẹ̀ náà.

"Ẹ̀gbọ́n Fádáre, ẹ máa sùn. Mo gba ìṣọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi. Èmi yóò máa ṣọ́."

Lawrence gbórí sókè kíá, bí ẹni tí nǹkan ta.

"Títí dé ibo?"

Kí Olúbísí tó la ẹnu, orí ọkùnrin náà ti balẹ̀ sórí ìrọ̀rí tirẹ̀. Ó ń hanrun.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ló jí, ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Ó lọ, ó bọ̀ láìséwu, ó tún lọ, ó tún bọ̀. Wọ́n ra fóòmù míì sí yàrá kejì fún àlejò. Kò pẹ́ tí ìròyìn ilé náà fi kàn dé Araromi-Obu, pé ẹni tó bá dùbúlẹ̀ níbẹ̀ kò ní yí ara padà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Ní ọdún kẹta, ẹ̀gbọ́n Lawrence, Bàbá Oyèlọlá, wá láti Ajue, ó sun oorun bí ọmọ ọwọ́. Nígbà tó jẹun àárọ̀ tán, ó pe Olúbísí.

"Ìyàwó, níbo lo ti ra àwọn nǹkan yìí? Mo fẹ́ irú wọn."

Olúbísí ka gbogbo rẹ̀ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: fóòmù líle, aṣọ òwú, kọ́tìnì tó nípọn.

"Orí èwo ni ìwọ ń sùn sí?"

Olúbísí ń kó abọ́ nílẹ̀. Ìgbà yẹn ni bàbá náà ṣàkíyèsí pé látìgbà tí òun ti dé, òun kò tíì rí i kó ṣẹ́jú.

"Mo máa ń jókòó ni, Bàbá," ló wí. "Ṣé ẹ sùn dáadáa?"