Ọwọ́ Tó Di Màmá Mú

Oorun ni télọ̀ ń sùn nígbà tí káfíńtà kọ́kọ́ fojú kàn án. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn, téèpù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́jú aláìsàn rí, ẹ mọ irú oorun bẹ́ẹ̀. Káfíńtà rọra jókòó tì í. Kò pẹ́ tórí ọmọbìnrin náà fi balẹ̀ sí èjìká rẹ̀.

Ó ta jí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Kí ni mo fẹ́ bínú sí? Èjìká náà ò kúkú níṣẹ́ tó ń ṣe."

Yàrá tó wà níwájú wọn ni nọ́ọ̀sì kan ti máa ń kó àwọn tí ikú yẹ̀ lórí wọn jọ, ìyẹn ní wọ́ọ̀dù tí ẹ̀rọ ti ń bá èèyàn mí, pẹ̀lú ẹbí wọn àti ẹbí àwọn tó kú níbẹ̀, kí wọ́n lè sọ tinú wọn. Ikú yẹ̀ lórí ìyá télọ̀. Ẹ̀gbọ́n káfíńtà, tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tìyá náà, kò bọ́ lọ́wọ́ ikú. Àárọ̀ ni káfíńtà máa ń wá nígbà náà, ìrọ̀lẹ́ ni télọ̀, wọn ò pàdé.

Díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ di ẹ̀rín, ẹ̀rín di ìfẹ́. Káfíńtà ń pè é ní Olóorun, télọ̀ náà ń pè é ní Ìrọ̀rí mi.

Ọjọ́ tí télọ̀ mú un délé ìyá rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Màmá, tó ṣì ń di ògiri mú rìn, figbe ta.

"Òun nìyí! Òun ló di ọwọ́ mi méjèèjì mọ́ bẹ́ẹ̀dì, tó fẹ́ pa mí!"

"Màámi, oògùn ló ń fi àlá hàn yín. Nọ́ọ̀sì ti ṣàlàyé."

"Tó bá wọlé, mo jáde!"

Káfíńtà yí padà, ó lọ.

Télọ̀ wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì. Òun nìkan lọmọ tíyá rẹ̀ bí. "Ìrọ̀rí mi, ó ti rẹ̀ mí. Mo fẹ́ràn rẹ, ṣùgbọ́n mi ò lè fi màámi sílẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì ò bá rí ẹ̀rù yìí yọ lọ́kàn wọn, ká fi í mọ bẹ́ẹ̀."

Àṣà nọ́ọ̀sì yìí ni láti mú àwọn tí ikú yẹ̀ lórí wọn padà lọ wo bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti jìyà. Ó ní kí káfíńtà náà wá.

"Màmá, ẹ wò ó," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ̀rọ ìfúnpá yìí, èyí tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ló ń fún yín lápá fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dì yín mú."

Télọ̀ wo olólùfẹ́ rẹ̀ tìrètí-tìrètí. Kò ju kí káfíńtà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni lọ, kó sì rí i fẹ́.

"Kò rí bẹ́ẹ̀," ni káfíńtà wí. "Èmi ni, Màmá. Ẹ ń fa rọ́bà tí ẹ fi ń mí yọ ní ọ̀fun yín, àwọn nọ́ọ̀sì wà lórí ẹlòmíràn. Mo di ọwọ́ yín mú, mo ń kígbe títí wọ́n fi dé. Ìgbà tí n ó fi padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ó ti lọ. Mi ò lè sọ fẹ́nikẹ́ni pé mo fi í sílẹ̀."

Télọ̀ bú sẹ́kún.

"Ẹ ní orí mi dàrú," Màmá wí. "Ìwọ náà, ọmọ tí mo bí!"

"Ẹ foríjì mí, Màámi."

"Orí mi ò dàrú o!" Ẹkún ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó wo káfíńtà títí. "Ọwọ́ rẹ mà le o. Ó dùn mí."

"Iṣẹ́ pákó ni, Màmá. Ẹ má bínú."

Àárẹ̀ mú ìyá náà. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì tí ẹ̀gbọ́n káfíńtà kú sí, èyí tó ṣófo, ó sì fọwọ́ pa á lára jẹ́jẹ́.

"Sún mọ́bí, ọmọ mi. Sọ irú ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ jẹ́ fún mi." Ó bojú wẹ̀yìn. "Ìwọ télọ̀, nu ojú rẹ, kó o wá gbọ́. Ó yẹ kó o mọ ẹbí ọkọ rẹ."