Àgbélébùú Ẹ̀gbẹ́ Orúkọ Urbain

Kì í ṣe Ghislaine ló fi àgbélébùú yẹn síbẹ̀. Òun ló ń tọ́jú orúkọ àwọn tó kọ ìwé ìwádìí wọn, àwọn ènìyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún, kò sì sí ẹlòmíì tó lè ṣí ìwé orúkọ náà lórí kọ̀ǹpútà àfi Urbain ọkọ rẹ̀. Ẹni tó bá kú kí ìwé tó jáde, wọn kì í yọ orúkọ rẹ̀. Àgbélébùú kékeré ni wọ́n ń fi sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Láàárọ̀ yìí, ẹ̀gbẹ́ orúkọ Urbain ló wà, Urbain tó ń súfèé ní yàrá kejì.

Ghislaine pa á rẹ́. Ó tún ìwé náà ṣí, àgbélébùú ń wò ó. Ó pa á rẹ́ nígbà mẹ́ta, ó ń padà wá. Lọ́dún tó kọjá, irú rẹ̀ yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Anselm àgbà, ọ̀kan nínú àwọn olùwádìí náà, nígbà tó ṣì wà láàyè. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́, Anselm gan-an ló rẹ́rìn-ín jù. Ọ̀sán ọjọ́ tí ìwé yẹn jáde, wọ́n bá a lórí àga rẹ̀, ó ti kú.

Ọ̀sán òní sì ni ìwé tuntun yìí máa jáde. Nínú ìwádìí náà, prótọ́ọ̀nù, horo inú átọ́ọ̀mù, ni wọ́n ń jù lu kóró átọ́ọ̀mù òjé, tí wọ́n á wá ka àwọn kúáàkì wíwúwo, horo tó tún kéré sí i, tó bá so mọ́ra ní méjì-méjì. Òjé a máa já àwọn méjì mìíràn kúrò lára ara wọn kí wọ́n tó jáde nínú rẹ̀.

Ó sáré wọ yàrá kejì. "Urbain, ṣé nǹkan ń ṣe ọ́?"

"Ebi ni. Kí ló dé tójú ẹ rí báyìí? Ṣé o ti fẹ́ di opó ni?"

Ó fi ìwé hàn án. Urbain ò ta gìrì, ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù.

"Mo mọ̀," ó rọra wí. "Lánàá, ẹ̀gbẹ́ orúkọ tìẹ ló wà. Mo pa á rẹ́ títí, kò lọ. Ìgbà tí mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ó gbà."

"Ta ló bẹ̀ ọ́? Gbé e padà fún mi."

"Ìwé ti lọ, Ghislaine. Mo ti fi ránṣẹ́ sí àwọn tó máa gbé e jáde."

Inú bí i débi pé kò lè sunkún. Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tó wà níbẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́, ìwé náà ò ṣí fún un mọ́ títí ọ̀sán fi pọ́n. Lẹ́yìn rẹ̀, Urbain tún bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé orin àárọ̀ yẹn. Ó dé àárín orin, ó dákẹ́.

Ghislaine ò lè bojú wẹ̀yìn.