Ọ̀rọ̀ Wárápá Tí Lọ́yà Sọ

Gbọ̀ngàn ilé ìwé ń hó yèè. Ọmọbìnrin tí wọ́n sọ ní Lọ́yà nítorí ẹnu rẹ̀ di máíkì mú, ó ń ṣàlàyé àìsàn wárápá fún Ọ̀sẹ̀ Ìlera, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kà á kún. Àwọn tó wà níwájú gan-an ń tòògbé. Ojú tì í, ló bá tú ọ̀rọ̀ tí kì í jáde nílé wọn.

"Ẹni tó ní in wà nílé wa. Àǹtí mi onídìrí ni."

Gbogbo wọn dákẹ́ lọ́gán. Ni wọ́n bá ń nawọ́ sókè. Ṣé ojú rẹ̀ máa ń yí? Ṣé itọ́ máa ń hó lẹ́nu rẹ̀? Lọ́yà dáhùn, ó tiẹ̀ ń fara ṣàpèjúwe. Aago lù kó tó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ran ẹni tó bá ṣubú lọ́wọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un títí, orí rẹ̀ sì wú.

Lọ́jọ́ kejì, ó bá àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù àǹtí rẹ̀, wọ́n ń yọjú.

"Kò tíì ṣubú o," ni ọ̀kan ń sọ.

Nínú ṣọ́ọ̀bù náà, ìyá kan ń fa ọmọ rẹ̀ dìde, irun tí wọ́n ń dì fún ọmọ náà kò tíì ju ìdajì lọ. "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́ nǹkan nílé ìwé. Ẹ jọ̀ọ́, a ń bọ̀." Kò wo ojú onídìrí.

Lọ́yà lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Wọlé," ni àǹtí rẹ̀ wí, ó ń tú irun kúrò lára ìyàrí. "Mo gbọ́ pé wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ẹ."

"Ẹ má bínú, Àǹtí mi. Wọn ò fetí sílẹ̀ ni. Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n lára."

"Ó sì wọ̀ wọ́n lára. Nínú gbogbo ìbéèrè wọn, ṣé ẹnì kan béèrè bóyá ara mi yá?"

Lọ́yà mi orí. "Rárá, mà."

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé o bi mí kó o tó lọ sọ ọ́?"

Omi ń bọ́ lójú Lọ́yà, kò lè gbójú sókè. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e pé èèyàn lè máa tọpinpin àìsàn kó má sì bìkítà fún aláìsàn, àti pé ẹni tó ni ara ló ni àṣírí ara rẹ̀.

Ó bẹ olùkọ́ pé kó jẹ́ kí òun tún sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn. Ó tọrọ àforíjì, ó sì sọ pé kí wọ́n yí ẹni tó bá ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí wọ́n má fi nǹkankan sí i lẹ́nu, kí wọ́n dúró tì í. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà tó ti sá kúrò lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ kò sí níbẹ̀ láti gbọ́.