Orúkọ Ambrose Láti Òkè Òkun

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú tí ìròyìn náà dé, Mabel wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn ní Surulere, ó fi tépù ìwọnṣọ kọ́ ọrùn, ó há abẹ́rẹ́ mẹ́ta mọ́ ètè. Ìbíkúnlé rí i láti ẹnu ọ̀nà. Oòrùn mú ìdajì ojú rẹ̀, ó fi ìdajì yòókù sílẹ̀ fún òjìji. Fún ìṣẹ́jú kan, ọkùnrin náà gbàgbé pé ikú ni òun gbé wá.

“Ẹ káàsán o,” ni Mabel wí, ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. “Bó bá jẹ́ aṣọ Ọjọ́ Àìkú lẹ fẹ́ rán, ẹ má bínú, ọwọ́ mi ti kún.”

“Kì í ṣe aṣọ, Àǹtí. Ṣé ibí ni ilé Ambrose, káfíńtà?”

“Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó ti lọ síbi iṣẹ́, níbi afárá Ìjọrà. Ẹ mu omi ná, oòrùn ti pa yín.”

Ìbíkúnlé mu omi náà tán. Ó di ife mú, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí.

“Ṣé àgbàlagbà kan wà nítòsí tí mo lè bá sọ̀rọ̀?”

Mabel wò ó. Àlejò tó bá ń béèrè àgbà kó tó jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an, ó ti jẹ́ ẹ tán. Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà, ọ̀kan, èkejì, ẹ̀kẹta.

Akọ̀wé owó iṣẹ́ ni Ìbíkúnlé, ọmọ Yaba tó jáde ní ilé ìwé ìjọ. Nígbà tí kámpánì àwọn òyìnbó Denmark dé láti wá ṣe afárá, wọn kò mọ ẹni tí wọn yóò gbà síṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò mọ bí a ṣe ń sanwó fún un. Ọ̀gbẹ́ni Nielsen, ọ̀gá wọn, fẹ́ máa sanwó lópin oṣù bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé. Ìbíkúnlé ló sọ fún un pé ẹni tó ń fi iṣẹ́ òòjọ́ jẹun kò lè fi ebi dúró de oṣù. Wọ́n fi í sí ọ̀sẹ̀ méjì-méjì.

Bí wọ́n bá gba ẹnì kan, Ìbíkúnlé á kọ orúkọ rẹ̀ sí káàdì, káàdì á wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Denmark. Níbẹ̀, ẹ̀rọ ńlá kan á tẹ orúkọ àti iye wákàtí sí ara àpò-ìwé owó, wọ́n á sì kó gbogbo rẹ̀ padà wá sí Èkó. Ìbíkúnlé fúnra rẹ̀ ló kọ káàdì Ambrose Ọláìtán. Ìwé ikú rẹ̀ náà, òun ló kọ ọ́. Pákó tó tutù lẹ́yìn òjò ni ẹsẹ̀ ọkùnrin náà yọ̀ lórí rẹ̀, ó sì já bọ́ láti orí afárá.

Wọ́n sin ín sí itẹ́ òkú Àtàn lọ́jọ́ kejì. Ìyá rẹ̀ kò lọ. Abiyamọ kì í rí òkú ọmọ rẹ̀, kì í sì í mọ ojú oórì. Mabel tó jẹ́ àbúrò ló bá Bàbá Àkàngbé, àbúrò bàbá wọn, lọ. Ìbíkúnlé dúró lẹ́yìn pátápátá, ó di fìlà mú láyà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àpò-ìwé kan dé tòun ti orúkọ Ambrose. Ìwé ikú kò tíì débẹ̀, ẹ̀rọ náà sì ń ka wákàtí bí ó ti ṣe ń kà á tẹ́lẹ̀.

“Gbé e fún ìyá rẹ̀,” ni Nielsen wí. “A kì í gba irú rẹ̀ padà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀.”

Inú Ìbíkúnlé dùn, ojú sì tì í pé inú òun dùn. Láti ọjọ́ ìsìnkú ló ti ń wá ohun tí yóò gbé òun kọjá oríta Costain lọ sí Surulere.

Mabel gba àpò-ìwé náà. Ó wo àyà ẹ̀wù Ìbíkúnlé.

“Akọ̀wé, bọ́tìnnì yín fẹ́ já. Ṣé kò síyàwó nílé ni?”

“Ká ní ó wà, ṣé ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ rí i?”

“Ẹ bọ́ ọ wá, ẹ má jẹ́ kí òyìnbó lé yín níṣẹ́.”

Nígbà tó padà wá pẹ̀lú àpò-ìwé kejì, bọ́tìnnì méjì ló ń mì dirodiro láyà rẹ̀. Mabel gbé ẹ̀wù náà sójú ìmọ́lẹ̀.

“Abẹ́ lẹ fi gé eléyìí. Mo rí ojú ibi tí abẹ́ gbà.”

“Eku ló jẹ ẹ́.”

“Eku Yaba mọ abẹ́ lò o!” Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì yára fi ọwọ́ bo ẹnu, nítorí ẹ̀rín kò tíì wọ ilé náà láti ọjọ́ yẹn.

Nígbà tó mú àpò-ìwé kẹta wá ni Màmá Ambrose pè é wọlé. Àwọn ẹ̀wù Ambrose wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti fọ̀ wọ́n, ó ti lọ̀ wọ́n, ó ká wọn síra. Ó to àwọn àpò-ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

“Ọmọ mi, o ṣeun. Mo mọ ìwé kà díẹ̀. Ọgọ́rin wákàtí ni wọ́n kọ síbí. Ẹni tó kú kì í ṣiṣẹ́ ọgọ́rin wákàtí. Èmi ò rí òkú. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ rí i.” Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. “Ṣé òyìnbó ti gbé e lọ sílùú wọn ni? Sọ fún mi, mi ò ní bínú sí i.”

Ìbíkúnlé wo Mabel tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Bí òun bá sọ òótọ́, àpò-ìwé tán nìyẹn, ọ̀nà Surulere náà sì dí.

“Màmá,” ó wí, “n ó bi wọ́n.”

Mabel tẹ̀ lé e jáde.

“‘N ó bi wọ́n’? Wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ bo ẹ̀gbọ́n mi lójú mi, ìwọ náà sì wà níbẹ̀! Láti ọ̀sẹ̀ mélòó ni màmá mi ti ń bu oúnjẹ ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀. Mo rò pé ọ̀fọ̀ ni. Ìrètí ni, ìwọ lo sì ń gbé e wá.”

“Mabel, mo—”

“Má padà wá. Àfi bí o bá ní òótọ́ lọ́wọ́.”

Òjò oṣù kẹsàn-án bẹ̀rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, Ìbíkúnlé á dúró ní Costain, á wo àwọn bọ́ọ̀sì Surulere bí wọ́n ṣe ń kún, tí wọ́n ń lọ, á sì yí padà sí Yaba. Nínú ilé, Mabel náà kì í gbọ́ ìró géètì láì dá sísọ́ọ̀sì dúró lórí aṣọ.

“Ta lò ń retí?” ni Hilda, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ránṣọ, bi í. “Ṣé eku Yaba ni?”

“Kò sẹ́ni tí mò ń retí.”

“Ló fà á tí o fi rán apá ẹ̀wù yìí mọ́ ọrùn.”

Mabel wo aṣọ náà. Òótọ́ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí òwú.

Ìbíkúnlé tọ Nielsen lọ. “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ orúkọ náà.”

“Ìwé wa ti dé ọ̀dọ̀ wọn, yóò kan tiẹ̀. Ẹ̀rọ wa kì í gbàgbé èèyàn, ṣùgbọ́n kì í tètè gbọ́ ìròyìn.”

Ìbíkúnlé fi owó ara rẹ̀ tẹ wáyà sí Denmark. Nígbà tí àkójọ orúkọ tuntun dé, ó fi ìka tọ̀ ọ́ lọ sísàlẹ̀. Lẹ́yìn Ògúnmọ́lá, Oyèníran ló kàn. Kò sí Ọláìtán láàárín wọn. Ohun tó béèrè fún nìyẹn, síbẹ̀ ó jókòó, ó gbé orí lé tábìlì.

Ó lọ sí Surulere ní ọjọ́ Sátidé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Màmá Ambrose.

“Màmá, mo purọ́ fún yín. Mo ní n ó bi wọ́n, mo sì ti mọ̀. Ẹ̀rọ ló ń kọ wákàtí yẹn, nílùú tí wọn ò mọ Ambrose rí. Èmi ni mo kọ ìwé tó fi wọṣẹ́, èmi náà ni mo kọ èyí tó fi kúrò. Ojú mi ló ṣe. Ó ti lọ, Màmá. Àpò-ìwé kankan ò ní wá mọ́.”

Obìnrin náà wò ó lórí ilẹ̀ níbẹ̀.

“Kí ló dé tí o ò sọ nígbà tí mo bi ọ́?”

“Ẹ̀rù bà mí pé mi ò ní rí ohun tí yóò máa gbé mi wá síbí mọ́.”

“Nítorí Mabel?”

“Nítorí Mabel, Màmá.”

Nígbà náà ni Màmá Ambrose figbe ta. Láti ọjọ́ tí ìròyìn ti dé, kò tíì sunkún rí. Mabel sáré wọlé, ó dì í mú, àwọn méjèèjì sì sunkún títí ohùn fi tán lọ́fun wọn. Ìbíkúnlé kò kúrò nílẹ̀. Nígbà tó yá, Màmá Ambrose gbé ọwọ́ lé e lórí.

“Dìde, ọmọ mi. Ilẹ̀ tutù.”

Mabel sìn ín dé géètì. Òjò ti dá.

“Ní Sátidé tó ń bọ̀,” ó wí, kò wò ó lójú, “kí lẹ máa mú wá?”

“Ọwọ́ òfìfo ni n ó mú wá.”

“Ọwọ́ òfìfo náà dáa. Ẹ fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó wá, a máa jẹun.”

Odindi ọdún kan ló fi wá bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ilé méjèèjì jókòó, wọ́n gbọ́ra yé, wọ́n sì kéde orúkọ Ìbíkúnlé àti Mabel ní ṣọ́ọ̀ṣì fún Ọjọ́ Àìkú mẹ́ta. Nígbà tí Ìbíkúnlé bi Mabel bóyá ó dá a lójú, ọmọbìnrin náà ní, “Olólùfẹ́ mi, mo ti rán ẹ̀wù ìgbéyàwó tán. Ta ni n ó tún tà á fún?”

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ìgbéyàwó, Màmá Ambrose gbé agolo òdà funfun kékeré kan àti búrọ́ọ̀ṣì tuntun lé ọwọ́ Mabel.

“Ibi tẹ́ ẹ ń gbé e lọ, ẹ má dárúkọ rẹ̀ fún mi,” ó wí, ó kọ ojú sí ògiri. “Ṣùgbọ́n kó funfun dáadáa.”

Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Àtàn. Mabel kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ tu gbogbo koríko tó wà lẹ́bàá sìmẹ́ńtì ojú oórì Ambrose. Ìbíkúnlé ká apá ẹ̀wù sókè, ó ṣí agolo, ó ri búrọ́ọ̀ṣì bọ òdà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún láti apá orí.