Èyí Tó Kéré Jù Nínú Àpótí Bàbá Àgbà

Ní àárọ̀ Sátidé kan, Vlasta ò tíì bọ́jú, ó ti wà nídìí àpótí Bàbá Àgbà.

Òkúta pẹlẹbẹ ló wà níbẹ̀. Lára ọ̀kọ̀ọ̀kan ni tírílóbáìtì wà, ẹranko òkun ayé àtijọ́ tó ti di òkúta.

Bàbá Àgbà tò wọ́n bí wọ́n ṣe dàgbà tó. Ńlá. Kékeré. Kékeré sí i. Kíún.

Kíún yẹn, ogún ọdún ni Bàbá Àgbà fi wá a létí odò nítòsí abúlé Skryje. Wọ́n ní kí Vlasta má fọwọ́ kàn án.

Vlasta fọwọ́ kàn án.

Yọ̀ọ́! Ó bọ́. Ó já sínú korobá tí àfọ́kù òkúta kún inú ẹ̀.

Àyà Vlasta ń lù. Kì, kì, kì.

Gbogbo àfọ́kù náà jọra. Tó bá sì dọ̀sán, Ìyá Àgbà á dà wọ́n sójú ọ̀nà.

Vlasta mú awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Ó wo ọ̀kan. Kì í ṣe èyí. Ó wo òmíràn. Kì í ṣe èyí.

Ó wò wọ́n tán. Kì, kì, kì.

Kò, kò, kò. Bàtà Ìyá Àgbà nìyẹn. Wọ́n ń bọ̀ wá gbé korobá.

Vlasta dì mọ́ korobá pinpin. Wọ́n bi í pé kí ló dé. Ó ní Bàbá Àgbà lòun fẹ́ rí. Ni wọ́n bá pe Bàbá Àgbà.

"Bàbá Àgbà, ẹ má bínú. Mo ti sọ èyí tó kéré jù nù."

Bàbá Àgbà rọra jókòó sílẹ̀. Wọ́n bi í pé irú èwo ló ń wá.

Vlasta ní èyí tí ẹ̀yìn ẹ̀ ní oríkèé púpọ̀, bíi ti ìyá ẹ̀ tó tóbi jù nínú àpótí.

"Ìkókó ni, ọmọ mi. Kò tíì ní oríkèé kankan. Bó bá ṣe ń bọ́ awọ ni oríkèé á máa yọ. Nǹkan roboto ni kó o wá, bí orí abẹ́rẹ́."

Vlasta tún bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe èyí. Kì í ṣe èyí. Kì í ṣe èyí.

Korobá ń ṣófo lọ. Ó ku mẹ́ta. Ó ku méjì.

Roboto.

"Bàbá Àgbà, ẹ wá wò ó."

Bàbá Àgbà wò ó títí. "Òun ni," ni wọ́n wí.

Wọ́n sún àpótí sọ́dọ̀ Vlasta. "Ìwọ ni kó o dá a padà."

Vlasta rọra gbé e kalẹ̀. Kẹ́.

Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mí kanlẹ̀. Ó sì rẹ́rìn-ín.