Ẹni Tó Pa Ìyá Rẹ̀ Nígbà Méje

Ọkùnrin kan wà tó pa ìyá rẹ̀ nígbà méje. Ìyá náà kò mọ̀.

Ẹnu-oyin ni wọ́n ń pè é. Kò tíì pé ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ó rẹwà, ó mọ èèyàn kí, ó lè pa ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ lẹ́rìn-ín. Bó bá dọ̀bálẹ̀ fún ọ, ìwọ fúnra rẹ ni wàá sáré gbé e dìde.

Irọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní àpò ìwé fífẹ̀ kan tí àwòrán egungun àyà wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ìwòsàn ló ti ṣà á. Kò mọ ẹni tó ni àyà náà. Yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, yóò gbé àpò náà lé itan, yóò dákẹ́. Kì í tọrọ. Àwọn èèyàn ni yóò bi í léèrè, yóò ní ìyá òun ló ń ṣàìsàn, àwọn náà ni yóò sì máa bẹ̀ ẹ́ kó gba owó. Lẹ́yìn oṣù kan ìyá á kú ní àdúgbò yẹn, wọ́n á dáwó ìsìnkú, Ẹnu-oyin á sì kọjá sí àdúgbò mìíràn.

Àdúgbò méje, òkú méje. Ìyá tí à ń wí yìí wà lẹ́yìn ilé, ó ń fọ aṣọ ẹni ẹlẹ́ni, ó ń sọ fún gbogbo ayé pé ọmọ òun ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì.

Atúnbàtàṣe kan wà lára àwọn tó tàn jẹ. Bàbá náà kò lówó lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí Ẹnu-oyin dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ló bá ta ẹ̀rọ tó fi ń rán bàtà. Láti ìgbà náà ọwọ́ àti abẹ́rẹ́ ló fi ń rán an. Nígbà tí àṣírí tú, kò ṣépè. Ó ní òun ń gbàdúrà fún ọmọ náà. Àwọn ará àdúgbò fi bàbá náà ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ìyá Ẹnu-oyin bì sínú abọ́ tó fi ń fọ aṣọ. Ẹ̀jẹ̀ ni. Ọmọ gbé e dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ní irú ẹ̀jẹ̀ màmá kò sí nílẹ̀, wọ́n yẹ ti ọmọ wò, kò bá a mu.

Nọ́ọ̀sì ní, “Bọ̀dá, ẹ wá ẹni tó máa fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Bó bá fi kọjá aago mẹ́rin, mi ò lè ṣèlérí kankan.”

Ó sáré. Kò wọ bàtà. Ó wọ ilé aránṣọ, ó ní ìyá òun ń kú lọ. Obìnrin náà kò gbójú sókè.

Ó ní, “Èwo nínú wọn?”

Ó dé ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀. Ó ń sunkún, ikun ń ṣàn ní imú rẹ̀, ó ń di èèyàn lẹ́sẹ̀ mú. Àwọn tó jókòó ń wò ó bí ẹni ń wòran. Ọ̀kan ní ti àkọ́kọ́ dùn ju èyí lọ, pé nígbà yẹn kì í pariwo. Ó fi ẹ̀jẹ̀ ara ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ hàn wọ́n. Wọ́n ní ọ̀dà yẹn ti pọ̀ jù.

Ó dúró láàrin títì. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó mọ̀ ni ó ti ná tán sórí irọ́. Kò ku ẹyọ kan tó lè fi sọ òótọ́.

Aago mẹ́ta ti lù. Ẹnìkan ló kù, ẹni tí kò fẹ́ fojú kàn. Ó lọ. Nígbà tó débẹ̀, kò lè la ẹnu.

Atúnbàtàṣe wò ó títí. “Ìyá rẹ ni?”

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. “Bàbá, mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ tí ẹ máa fi gbà mí gbọ́.”

Bàbá náà gún abẹ́rẹ́ mọ́ bàtà, ó dìde. Onígbàjámọ̀ ké sí i láti òdìkejì, ó ní ṣé ó ti gbàgbé ẹ̀rọ rẹ̀ ni.

Bàbá náà ní, “Mi ò gbàgbé. Bó bá jẹ́ irọ́, ìrìn ẹsẹ̀ lásán ni mo rìn. Bó bá wá jẹ́ òótọ́ ńkọ́?”

Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ti ìyá náà mu. Bó ti ń ṣàn sínú àpò ẹ̀jẹ̀, Ẹnu-oyin kúnlẹ̀ tì í, ó bi í léèrè ìdí tó fi wá.

“Òpùrọ́ lèmi náà tẹ́lẹ̀, ọmọ mi. Jésù fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún mi lórí àgbélébùú nígbà tí mo ṣì ń bá a ṣọ̀tá. Kò dúró kí n kọ́kọ́ di èèyàn gidi.”

“Ṣé ó lè gba ọ̀rọ̀ tèmi gbọ́?”

“Ó ti mọ gbogbo rẹ̀. Ṣáà sọ òótọ́.”

Ẹnu tó ti tan àdúgbò méje jẹ wá ọ̀rọ̀ dídùn, kò rí i. Ó ní, “Jésù, òpùrọ́ ni mí. Gbà mí.” Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá yè. Nígbà tó lajú, ó béèrè ẹni tó fún òun lẹ́jẹ̀. Ọmọ rẹ̀ sọ fún un, ó sì jẹ́wọ́ òkú méjèèje. Ìyá kọjú sí ògiri. Ọjọ́ méjì ni kò fi bá a sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹta ó ní, “Fún mi lómi.” Ọwọ́ ọmọ náà ló ti mu ún.

Ìwọ tí ìwé yìí wà lọ́wọ́ rẹ, bóyá o kò pa ìyá rẹ rí. Irọ́ wo ni tìrẹ? Ta ló fọkàn tán ọ tí kò yẹ kó fọkàn tán ọ? O ṣì lè máa rí èèyàn tàn jẹ lónìí. Wákàtí kan ń bọ̀ tí kò ní sí ẹni tí yóò dá ọ lóhùn, o kò sì mọ̀ bóyá ìrọ̀lẹ́ òní ni.

Má ṣe tún ara rẹ ṣe kí o tó wá. Má wá ọ̀rọ̀ kiri. Níbi tí o jókòó sí yìí, jẹ́wọ́ ohun tí o jẹ́ fún Jésù. Kò ní bi ọ́ bóyá òótọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí.